Mo fẹ́ gbé 4Runner mi sókè: kí ni kí n ṣe sí ẹsẹ̀ àti sítíárìn rẹ̀?

Ọlọ́kọ̀ Ìsẹ́yìn:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín o. Toyota 4Runner ọdún 1999 ni mo ń lò, ẹ́ńjìnnì V6 onílítà 3.4, èyí tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ń fà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń gbé e láti Ìsẹ́yìn lọ sí oko kaṣú mi, lọ́ọ̀rì agégẹdú sì ti ba ọ̀nà náà jẹ́ débi pé ipa táyà wọn jìn gan-an, tí abẹ́ ọkọ̀ mi sì ń ha ebè tó wà láàárín. Èrò mi ni pé kí n gbé ọkọ̀ náà sókè ní ínǹṣì mẹ́rin. Ẹnì kan ti sọ pé òun yóò bá mi gé irin róbótó tí a ó fi lé orí sípírínǹgì iwájú, kí a sì fi irú rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, a kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé aládùúgbò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ tirẹ̀, láti ọjọ́ náà sì ni ọkọ̀ ọ̀hún ti ń rìn bí ọ̀mùtí lójú ọ̀nà márosẹ̀: bó bá yà sọ́tùn-ún, ọkùnrin náà á fọwọ́ dá a padà, kó tó dá a padà tán, ó tún ti ń yà sósì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye kí n tó náwó.

Ọ̀gá Mọ́níyà:

Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo ń ṣe ní Mọ́níyà, irú 4Runner tiyín yìí, èyí tó jáde láàárín 1996 sí 2002, ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi. Kí ẹ tó sọ ínǹṣì mẹ́rin, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọkọ̀ yín wà báyìí. Sípírínǹgì ẹ̀yìn wọn a máa rọ̀ tó bá ti pẹ́, ìdí ọkọ̀ á sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni pé ó ru ogún àpò gàrí nígbà tí kò ru nǹkan kan. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ gíga tó ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà padà. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn ríìmù lọ sókè dé etí fẹ́ńdà, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú táyà yóò tàn yín jẹ. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan relẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ má bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe sábà máa ń rí nìyẹn.

Inú irin róbótó yẹn ni ẹ̀tàn ọ̀rọ̀ yìí wà. Sípírínǹgì iwájú kò jókòó lé táyà. Orí apá ìsàlẹ̀ tí a ń pè ní lówà áàmù ló jókòó lé, ní nǹkan bí agbedeméjì rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fi irin tó nípọn ní ínǹṣì kan lé e, ìdí apá náà kò ní kúrò níbi tí wọ́n dè é mọ́ ṣáásì (egungun ọkọ̀), ìkángun rẹ̀ tó di táyà mú ni yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ tó ínǹṣì méjì. Ẹni tó fi irin ínǹṣì méjì sí i rò pé méjì lòun gbé, mẹ́rin ló gbé. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí ti ọkọ̀ aládùúgbò yín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìwọ̀n tí mo máa ń fara mọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà ni ínǹṣì méjì sí méjì àbọ̀ níwájú. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣáàfù tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú yóò tẹ̀ ju bó ṣe yẹ, àwọn ìṣẹ́po rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀ yóò máa ha ara wọn títí yóò fi ya, gíríìsì á sì máa ta sí inú ríìmù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ṣáàfù náà ń yí nígbà gbogbo, bí ẹ kò tilẹ̀ ki 4WD (kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fà) bọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òun kì í lo 4WD kò tíì bọ́ níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 2WD (tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà) nìkan ni kò ní ṣáàfù níwájú tí yóò máa dáàbò bò.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀, ìyẹn oríkèé tó so apá ìsàlẹ̀ mọ́ ibi tí táyà wà, ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má fi ṣeré. Bí wọ́n ṣe tò ó nínú ọkọ̀ yìí, ìwúwo ọkọ̀ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilé rẹ̀, ńṣe ló ń fà á jáde. Ọjọ́ tó bá jẹ tán, yóò yọ, táyà yóò sì ṣubú dà sábẹ́ fẹ́ńdà. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé jáàkì sábẹ́ apá ìsàlẹ̀ gan-an, kì í ṣe sábẹ́ ṣáásì, kí táyà kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Kí ẹnì kan ki irin gígùn bọ abẹ́ táyà kó máa gbé e sókè, kí ẹlòmíràn sì fi ìka kan oríkèé náà. Bó bá mì pẹ́nrẹ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ ra ojúlówó Toyota, kí ẹ sì ra bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dì í mú pẹ̀lú rẹ̀. Ibí yìí ni èmi àti oníbàárà ti máa ń fa ọ̀rọ̀, nítorí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n.

Ará Houston:

Ẹ̀gbọ́n Mọ́níyà ti sọ ti ṣáàfù àti oríkèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sítíárìn, nítorí òun ló ń rìn bí ọ̀mùtí yẹn. 4Runner 2001 ni tèmi, mo sì ti gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì, torí pé mo ṣe àkọ́kọ́ báṣubàṣu.

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí ọmọdé ń gùn. Irin méjì tó di táyà iwájú rẹ̀ mú kò dúró ṣánṣán. Orí rẹ̀ fì sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún. Ìfìsẹ́yìn yìí ló ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ tààrà bí ọmọ náà bá tilẹ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní irú rẹ̀, caster ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń ṣe àláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo ojú táyà. Bí táyà bá ti sọ̀ kalẹ̀ jìnnà sí ara ọkọ̀, apá òkè kì í bá tìsàlẹ̀ rìn dọ́gba, ìfìsẹ́yìn náà á sì dínkù. Ọkọ̀ tí caster rẹ̀ ti dínkù kì í fẹ́ dá ọwọ́ sítíárìn padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, á sì máa wá ọ̀nà kiri bí ẹ bá ti ń sáré dé 80 tàbí 100. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ nípa ọkọ̀ aládùúgbò yín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Táì rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń ti táyà láti ọ̀dọ̀ sítíárìn, ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọkọ̀ wà bó ṣe jáde, ọ̀pá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbọọrọ bá ilẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, ráàkì sítíárìn (àpótí tó ń ti ọ̀pá náà sọ́tùn-ún sósì) á bá ara ọkọ̀ lọ sókè, táyà á dúró sílẹ̀, ọ̀pá á wá dà gẹ̀rẹ́. Ọ̀pá tó dà gẹ̀rẹ́ kì í nà dé ibi tó ń nà dé tẹ́lẹ̀, nítorí náà toe, ìyẹn bí iwájú táyà méjèèjì ṣe sún mọ́ra sí ẹ̀yìn wọn, yóò yí padà lójú ẹsẹ̀, kódà kí ẹ tó jáde nínú ọgbà mẹkáníìkì. Bí táì rọ́ọ̀dù àti apá ìsàlẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ bákan náà, wọ́n á jọ máa gòkè, wọ́n á jọ máa sọ̀ nínú kòtò, ó ṣeé fara dà. Ibi tó ti ń burú ni àwọn ohun èlò ńlá tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ní ínǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, àwọn tó ń já apá ìsàlẹ̀ àti difurẹ́ńṣà (àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà méjì) kalẹ̀ lára ṣáásì. Bí ẹni tó ṣe é kò bá ronú ibi tí ráàkì wà sí ibi tí ó já àwọn yòókù sí, ọ̀pá méjèèjì kò ní rìn bákan náà mọ́, gbogbo kòtò tí ẹ bá bọ́ sí ni táyà yóò sì máa yí díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan sítíárìn.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wo bóòtù tó de ìdí apá ìsàlẹ̀ mọ́ ṣáásì. Wọ́ṣà rẹ̀ ní àmì wẹ́wẹ́ lára, nítorí bóòtù náà kò yí lójú kan: bí ẹ bá ń yí i, ó ń ti apá náà jáde tàbí kó fà á wọlé, òun ni a sì fi ń tún caster àti camber (bí orí táyà ṣe fì síta tàbí wọlé) ṣe. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti ìlú tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín wá, ìpẹtà sì ti so bóòtù yìí pọ̀ mọ́ irin búṣìn, ìyẹn rọ́bà oníirin tí bóòtù náà gba inú rẹ̀ kọjá. Bí kò bá yí, kò sí àláìnmẹ́ǹtì tí ẹnikẹ́ni lè bá yín ṣe. Tèmi gbà wá ní ọjọ́ kan gbáko, ayùn ni a sì fi parí rẹ̀.

Bí àwọn bóòtù náà bá ti yí dé òpin tí caster kò sì tíì tó, apá òkè tuntun ló kù, èyí tí wọ́n rọ láti fi nǹkan bí dìgírì 2 sí 4 kún caster. Fún ínǹṣì méjì, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò rẹ̀. Fún mẹ́ta, èmi yóò rà á láìròjọ́. Dípò irin róbótó, ṣọ́ọ̀kì Bilstein 5100 ni mo lò níwájú, nítorí ara rẹ̀ ni ibi tí sípírínǹgì jókòó lé wà, a sì lè yan bí a ṣe fẹ́ kó ga tó.

Ọlọ́kọ̀ Ìsẹ́yìn:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó wá kù kí n béèrè: ṣé ínǹṣì méjì yóò tó mi? Ebè àárín ọ̀nà yẹn ló gbé mi dé ibí.

Ìyá Onítáyà:

Ọ̀gá oko kaṣú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì béèrè ohun tó ń ha ilẹ̀ gan-an. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wo ibi tó ti họ. Bó bá jẹ́ ikùn difurẹ́ńṣà ẹ̀yìn ni, ẹ lè gbé ọkọ̀ sókè dé òrùlé, kò ní kúrò níbi tó wà, nítorí orí axle (irin ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) ló wà, axle sì wà láàárín táyà méjì. Táyà nìkan ló lè gbé e.

Bí 265/70R16 bá ni ẹ ń lò, ó ga tó mílímítà 777 látilẹ̀ dókè. 265/75R16 ga tó 804. Ìlàjì ìyàtọ̀ náà ló máa wọlé sábẹ́ difurẹ́ńṣà, ìyẹn mílímítà 13. Ó lè dà bíi kékeré létí, ṣùgbọ́n ẹni tí abẹ́ rẹ̀ ń ha ilẹ̀ mọ ohun tí ìka kan tó. Nígbà tí aago ọkọ̀ bá ń sọ pé 100 lẹ ń sá, ẹ ó máa sá nǹkan bí 103. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun lọ́tùn-ún lósì kí ẹ wò ó bóyá táyà ń kan rọ́bà ẹ̀yìn fẹ́ńdà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ríìmù tó yọ jáde fún yín nítorí ẹwà: bí táyà bá ṣe yọ síta tó ni yóò ṣe máa fa sítíárìn tó nínú kòtò, béárìn á sì máa jìyà rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú oní-Jeep:

Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ Wrangler bíi tèmi, tàbí Land Cruiser 80, tàbí Nissan Patrol àtijọ́ (Y60 tàbí Y61), kó má fi gbogbo èyí sílò bẹ́ẹ̀, nítorí axle kan ṣoṣo ló dábùú níwájú tiwa. Ọ̀pá méjì ló wà níbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ jà: èyí tó ń ti táyà láti ọ̀dọ̀ sítíárìn, àti èyí tó dábùú láti ṣáásì lọ di axle mú kó má baà rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ bákan náà. Mo já èkíní kalẹ̀, n kò fọwọ́ kan èkejì. Gbogbo ìgbà tí mo bá gun gálópù ni sítíárìn ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ní ti caster, axle yẹn lódindi ni ẹ ó yí sẹ́yìn díẹ̀, nípa búṣìn tàbí apá ìsàlẹ̀ tó ṣeé fà gùn.

Ọ̀gá Mọ́níyà:

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá adábùú yẹn kan 4Runner náà, lẹ́yìn ni ó wà. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè, yóò fa axle sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti dè é mọ́ ṣáásì, táyà kan á yọ síta, èkejì á wọlé.

Ará Houston:

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀. Ká ní ọ̀pá náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, tó sì nà dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 gòkè, axle kò ní rìn ju mílímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti dà gẹ̀rẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 5 tẹ́lẹ̀, tí ẹ tún wá fi 5 mìíràn kún un, ìrìn kejì yẹn yóò tó mílímítà 4. Ìdí nìyí tí ínǹṣì méjì kò fi ń dá ẹ̀yìn láàmú, tí ínǹṣì mẹ́rin sì ń béèrè ọ̀pá tó ṣeé fà gùn.

Ọ̀gá Mọ́níyà:

Ẹ ṣeun, àbúrò. Mo fẹ́ sọ nǹkan mẹ́ta mìíràn tí mo ti fojú rí.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ní ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ, wáyà ni wọ́n fi de sípírínǹgì iwájú kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì. Wáyà já. Sípírínǹgì náà lu páànù òrùlé, ó lù ú já, a sì ń wo ojú ọ̀run láti ibẹ̀ títí mo fi gba fìríìdọ́ọ̀mù. Orí ọ̀gá wa ti wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú. Ẹ bá ẹni tó ní irin ìfún sípírínǹgì ṣe é, kí ẹ sì rí irin náà lójú yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì àárín orí ṣọ́ọ̀kì ni ohun tí ó gbẹ̀yìn nínú títú, kò sì gbọdọ̀ ṣí nígbà tí sípírínǹgì bá ṣì ń tì í.

Ti búṣìn ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kò mọ̀. Rọ́bà inú apá ìsàlẹ̀ kì í yí bí béárìn, ńṣe ló ń lọ́ bí aṣọ tí a ń fún. Bí ẹ bá fún bóòtù rẹ̀ le nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ ń fì, nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sílẹ̀ yóò ti lọ́, yóò sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ya láìpẹ́ ọjọ́. Ẹ jẹ́ kó wà ní dídẹ̀ díẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fún un le.

Ẹ̀kẹta ni bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ fì dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ wo rọ́bà bíréèkì, kí ó má nà gan-an. Lẹ́yìn, bí tiyín bá ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ara axle lọ sí fáàfù bíréèkì, irin yẹn ló ń sọ fún fáàfù bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Tí ẹ̀yìn bá gòkè, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ẹ gbé ìdí irin náà sókè bá a mu. Láìpẹ́ ẹnì kan gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ó ti pààrọ̀ páàdì lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ ohun tó ń ṣe òun.

Ìyá Onítáyà:

Iná iwájú ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ o, kí ẹ má fi fọ́ àwa tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán lójú.

Ọlọ́kọ̀ Ìsẹ́yìn:

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá wa ṣe wí: ikùn difurẹ́ńṣà ẹ̀yìn ló dán yinrinyinrin bí abẹ́ ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀, ibi yòókù kò họ tó bẹ́ẹ̀. Mo bá jáwọ́ nínú ínǹṣì mẹ́rin. Táyà 265/75R16 ni mo rà, pẹ̀lú sípírínǹgì ẹ̀yìn tuntun, àti ohun tó gbé iwájú sókè ní ínǹṣì méjì. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún mì nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà mo pààrọ̀ méjèèjì. Láti àárín ríìmù dé etí fẹ́ńdà iwájú, ó kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 48, ó di 53. Kí n tó gbé e lọ sí ibi àláìnmẹ́ǹtì ní Ìbàdàn, a fi ẹfun fa ìlà sí àárín táyà iwájú méjèèjì, a wọn àlàfo wọn níwájú àti lẹ́yìn, a sì ń yí táì rọ́ọ̀dù lọ́tùn-ún lósì ní iye kan náà títí iwájú fi fi mílímítà méjì kéré sí ẹ̀yìn. Ó gbé mi dé Ìbàdàn láìjẹ táyà.

Ọkọ̀ náà ń lọ tààrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fà sósì díẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi, caster apá òsì jẹ́ 2.1, tọ̀tún jẹ́ 2.8. Ṣé ìyẹn ni?

Ará Houston:

Òun gan-an ni. Ẹ̀gbẹ́ tí caster rẹ̀ bá kéré ni ọkọ̀ máa ń fà sí. Ẹ ní kí wọ́n tún bóòtù apá ìsàlẹ̀ òsì yí, kì í ṣe tọ̀tún, kí wọ́n sì tún toe wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ Ìsẹ́yìn:

Bóòtù òsì yẹn ló le lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Mo ti ń rin ín lépo láràárọ̀ láti ọjọ́ Ajé, lónìí ó yí díẹ̀. Sátidé ni n óò padà lọ.